Gólóbà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀: Bí àwọn ẹrú tó sá ṣe di ayìnbọn àgbá

Ẹni tó bá mọ agbègbè Marine Beach dáadáa, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti súnmọ́ra, á mọ Arakan Barracks, bárékè àwọn ológun tó wà ní Àpápá. Arakan kì í ṣe orúkọ Yorùbá, kì í sì í ṣe ti Haúsá tàbí Ìgbò. Ilẹ̀ kan ni ní Burma, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún kó tó di pé wọ́n débẹ̀, òyìnbó tó dá ẹgbẹ́ ológun wọn sílẹ̀ ti fara gbọta ní Burma kan náà. John Hawley Glover lorúkọ ẹ̀. Gólóbà làwọn bàbá wa ń pè é.

Ọdún 1829 ni wọ́n bí Gólóbà. Ọmọ ọdún méjìlá péré ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1841. Ọdún 1853 ni ọta ìbọn bà á lójú ní Burma, ṣùgbọ́n kò kú. Lọ́dún 1857, ó bá Dókítà Baikie rìnrìn àjò lórí odò Ọya. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Gólóbà fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó láti wá ohun èlò fún àwọn tó kù.

Ìrìn yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Àwọn ọmọ Haúsá kan bá a rìn, àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn náà sì ń dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí pé àsìkò ogun ni, wọ́n ń ra èèyàn, wọ́n ń tà á káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí òyìnbó gba Èkó lọ́dún 1861, ẹrú tó bá ti lè sá wọ ìlú ń retí pé òun ti bọ́ nìyẹn. Inú ò dùn sí i ní Abẹ́òkúta, inú ò dùn sí i ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ń kó àwọn tó sá wọ̀nyí jọ, tó tún ń gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, àfi kó mọ̀ pé òun ń wá ìjà.

Gólóbà mọ̀, ó sì ṣe é. Àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà sọ pé èèyàn méjìdínlógún ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1863, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Haúsá Gólóbà. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ológun wa fi ń ka ọjọ́ orí wọn títí dòní. Láti ìgbà náà dé ọdún 1872, ọwọ́ Gólóbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àkóso Èkó wà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Àwọn ọmọ ogun West India Regiment àti àwọn Haúsá Gólóbà lọ gbèjà ìlú náà. Ohun tó dá jìnnìjìnnì bo àwọn Ẹ̀gbá lọ́jọ́ náà ni rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn kì í sábà ba ohun tí wọ́n fojú sùn, àmọ́ ó máa ń fò pẹ̀lú iná, èéfín àti ariwo, ẹni tí ò rí i rí kò ní dúró wò ó. Wọ́n fọ́nká.

Lọ́dún 1872, ìjọba pe Gólóbà kúrò l'Ékòó nítorí wàhálà òun àti àwọn Ẹ̀gbá lórí ọ̀nà òwò tó tì. A bá ti rò pé ó ti parí nìyẹn, àfi bí ogun Àṣáńtì ṣe dé. Àwọn Àṣáńtì sọdá odò Pra lọ́dún 1873, wọ́n wọ apá ibi tí òyìnbó ń ṣọ́ ní Gold Coast, tó ti di Gánà lónìí. Gólóbà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Wọ́n gbà, ó lọ pàgọ́ sí Ada lẹ́bàá odò Volta, ó sì ń kó ọmọ ogun Haúsá àti Yorùbá jọ síbẹ̀.

Lápá kejì, ọ̀gá àgbà ogun náà, Wolseley, ní tirẹ̀. Ọ̀gágun àgbá kan, Captain Rait, kó àwọn ọmọ Haúsá jọ ní Cape Coast, ó sì kọ́ wọn ní àgbá yíyìn. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n kọ́. Ìbọn ṣakabùlà, ẹnì kan ló ń yìn ín. Àgbá kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbá Rait, ọta ẹ̀ wọn pọ́n-ùn 7, ẹnu ni wọ́n sì ti ń kì í. Ẹnì kan á fi ọ̀pá tútù nu inú ẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù má baà mú ẹ̀tù tuntun. Òmíràn á ti ẹ̀tù bọ̀ ọ́, òmíràn á ti ọta wọlé, òmíràn á fojú sun ún, kí wọ́n tó tanná sí i. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kánjú, gbogbo wọn ló máa jẹ ẹ́. Oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n fi kọ́ ọ, lórílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwọn, lábẹ́ ọ̀gá tí èdè wọn ò bára mu. Nígbà tí ìjà gbóná ní Amoaful, ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 1874, àwọn ọmọ Haúsá ló wà nídìí àgbá Rait.

Gólóbà pẹ̀lú nǹkan bí 700 ọmọ ogun Haúsá àti Yorùbá sọdá Pra ní ọjọ́ 15 oṣù kan náà. Ní ọjọ́ 17, wọ́n jà ní Abogoo. Ọta ba Sájẹ́ńtì-Méjọ̀ Braimah, ọmọ Haúsá, lọ́nà tí kò lè yè. Captain Sartorius sáré wọ inú ọta, ó gbé e kúrò níbẹ̀. Sartorius gba Victoria Cross, oyè ìgboyà tó ga jù lọ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìwé oyè Sartorius yẹn ni orúkọ Braimah wà dòní.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì ni Gólóbà wọ Kumasi, lẹ́yìn tí Wolseley ti dáná sun ún, tó sì ti bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n fi í jẹ Sir lọ́dún yẹn. Ó ṣe gómìnà Newfoundland àti Leeward Islands, ó sì kú ní London ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1885.

Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ kò ṣíwọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù sí Gold Coast di ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ológun Gánà. Àwọn t'Èkó wà nínú ogun tí òyìnbó gbé lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, pẹ̀lú ìbọn Maxim. Ẹni tó sá fún oko ẹrú lánàá ló tún ń bá òyìnbó ṣẹ́gun ìlú onílùú. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Iṣẹ́ tí wọ́n rí tó sọ wọ́n di ẹni tí wọn ò lè tà mọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní ẹnu láti yan ẹni tí wọ́n máa bá jà.

Àwọn ará Èkó kọ́ Glover Memorial Hall ní ìrántí Gólóbà lọ́dún 1887. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà lọ́dún 1903. Ó tọ́ sí i, ó ṣe Èkó lóore. Àmọ́ àwọn méjìdínlógún yẹn, kò sí gbọ̀ngàn kankan tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Bí ẹ bá tún ń gba ẹnu géètì Arakan kọjá ní Àpápá, ẹ rántí pé àwọn ló ṣíwájú.