Pierre Schaeffer, ẹni tí ó mú ohùn yípo

Ìlú Nancy ní ilẹ̀ Faransé ni a ti bí Pierre Schaeffer, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1910. Olórin ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn fi orin ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí ó kọ́. Ó kọ́ ọ, ó sì wọ iṣẹ́ rédíò ní Paris ní ọdún 1936. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ orin kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọdún 1948, ó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Batignolles ní Paris, ó sì gba ariwo ọkọ̀ sílẹ̀: fèrè rẹ̀, ooru tí ń tú jáde, irin tí ń gbo irin. Orí àwo ni a ń kọ ohùn sí nílé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Abẹ́rẹ́ a máa tọ ọ̀nà tóóró kan láti etí àwo wá sí àárín, orin a sì parí. Schaeffer mú kí ọ̀nà náà di òrùka. Bí abẹ́rẹ́ bá dé òpin, yóò tún bá ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn kékeré kan a wá máa yípo títí ènìyàn yóò fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, rédíò gbé iṣẹ́ yìí sáfẹ́fẹ́.

Ohùn kan tí ń yípo kò ṣòro. Kí ohùn mẹ́ta máa yípo pọ̀ láìyapa, iṣẹ́ ni. Onílù a máa fetí sí ẹnìkejì rẹ̀. Bí ìyá ìlù bá yára, omele yóò yára. Ẹ̀rọ kò ní etí. Bí a bá tilẹ̀ dá ẹ̀rọ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yóò fi díẹ̀ yá ju èkejì lọ, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi yapa.

Nígbà tí téèpù dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Jacques Poullin, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń bá Schaeffer ṣiṣẹ́, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó gbé téèpù mẹ́ta léra. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó ń fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, bí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀, wọn yóò jọ máa rìn.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni a ń lò lónìí. Olórin a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà a gba ohùn gìtá rẹ̀, a sì máa tún un sọ láìdúró. Bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń lù bí ìlù bá a rìn, yóò fi okùn so wọ́n pọ̀, yóò sì fi ọ̀kan ṣe olórí. Nínú ìlànà MIDI, tí ó jáde ní ọdún 1983, olórí a máa rán àmì 24 fún ìró ìlù kan. Ẹ̀rọ tí a kò bá tò kí ó gba àmì náà yóò máa dá rìn, bí okùn tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí méjèèjì bá sì ń ṣe olórí, ariwo ni yóò kù.

Schaeffer kò fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣe orin. Ní ọdún 1953, ìjọba Faransé fi iṣẹ́ rédíò àwọn ilẹ̀ òkè òkun lé e lọ́wọ́. Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, wà lára wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Maisons-Laffitte, nítòsí Paris, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ rédíò. Ní ọdún 1957, a gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sọ ní gbangba pé òun kò dé ibi orin tí òun ń wá, pé do, re, mi àtijọ́ ni orin. Ọ̀rọ̀ líle ni fún ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró: ẹgbẹ́ olórin tí ó dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1958 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1995, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ó pé ẹni ọdún 85.