John Boyd Dunlop, Oníṣègùn Ẹran Tí Ó Fi Atẹ́gùn Sí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá ń ti Ìwáyà rìn lọ sí Yábàá ní òwúrọ̀, kì í pẹ́ kí ó tó kan fọkanáísà kan lẹ́bàá títì. Táyà ògbólógbòó ni ó fi ṣe àmì iṣẹ́ rẹ̀; ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn awakọ̀ sì dúró yí i ká. Kò sí ẹni tí í béèrè ohun tí atẹ́gùn ń wá nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé àádọ́jọ ọdún tí ó jẹ́ pé irin, tàbí rọ́bà líle gbandi, ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbogbo. Ẹni tí ó yí i padà ni Dunlop. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí a ti rí i lára táyà, a sì ti fi pe sálúbàtà rọ́bà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, àti pé ẹran ni ẹni náà ń tọ́jú, kì í ṣe ọkọ̀.

A bí John Boyd Dunlop ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1840, ní abúlé Dreghorn ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ láti kékeré pé a bí òun láìpé oṣù, àti pé ara òun kò le. Nítorí náà ni ó ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí a ń ṣàníyàn nípa rẹ̀ báyìí lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kí ó tó kú! Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ẹran ní Edinburgh, ó sì ṣí lọ sí ilẹ̀ Írẹ́lándì ní 1867. Ní ìlú Belfast, iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn oníṣègùn ẹran tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà. Ó gbéyàwó ní 1871, ó bí ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan.

Ọmọkùnrin yìí ni ó fa ọ̀rọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ojú títì Belfast. Bí ọmọ náà bá ti ń gùn ún, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ń gbo ó jìgìjìgì. Ní 1887, bàbá rẹ̀ mú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ di tíúbù, ó fi í yí etí pákó ribiti kan ká, ó fi aṣọ ọ̀gbọ̀ bò ó, ó sì kàn án mọ́ pákó náà. Pọ́ǹpù bọ́ọ̀lù ni ó fi fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí, ó yí i lórí ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀, ó sì yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tí kò ní atẹ́gùn ṣubú kí ó tó dé òpin àgbàlá; èyí tí ó ní atẹ́gùn dé ibẹ̀, ó sì tún fi agbára kọlu òpó ẹnu ọ̀nà. Dunlop rí i nígbà náà pé kì í ṣe ìrọ̀rùn nìkan ni òun rí: kẹ̀kẹ́ alátẹ́gùn a máa yára ju èkejì lọ. Kí ọdún 1888 tó parí, ó ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n náà.

Àwọn ènìyàn fi táyà kìǹbà-kìǹbà náà ṣe ẹlẹ́yà, títí di ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 1889, nígbà tí eléré kẹ̀kẹ́ kan tí ń jẹ́ Willie Hume fi í díje ní Belfast, tí ó sì gba ipò kìíní nínú gbogbo ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wọ̀. Ẹ̀rín dópin. Harvey du Cros, oníṣòwò kan ní Dublin tí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà jẹ́ eléré kẹ̀kẹ́, bá Dunlop dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an.

Kò pẹ́ tí ìjákulẹ̀ dé. Ní 1890 ni a rí i pé ọmọ Skọ́tlándì mìíràn, Robert William Thomson, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ọgbọ́n kan náà láti 1845. Kò rí ẹni ra ọjà rẹ̀ ni, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ìwé àṣẹ Dunlop di asán. Dunlop kò tilẹ̀ gbọ́ nípa Thomson rí, n kò sì rò pé ó yẹ kí a pè é ní olè.

Ìyọnu kejì ni pé táyà tí ó ní atẹ́gùn ni ó lè jò. Lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ táyà ìgbà náà mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, nítorí náà títú u ń gba wákàtí púpọ̀, gọ́ọ̀mù sì ní láti gbẹ mọ́jú. Ní nǹkan bí 1890 àti 1891, Welch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Michelin ní ilẹ̀ Faransé wá ọgbọ́n táyà tí ó ṣeé bọ́ kúrò kíákíá. Ní 1904, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹsẹ̀ àpààrọ̀ fún ọkọ̀ ní ìlú Llanelli ní ilẹ̀ Wales. Láti ìgbà náà ni ó ti di pé awakọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ọmọdé fúyẹ́. Mọ́tò wúwo, ó sì lè pa ènìyàn. Kí awakọ̀ ní táyà àpààrọ̀ tí atẹ́gùn kún, jáàkì, àti sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ náà mu. Èmi a fi pákó pẹlẹbẹ kan kún un, nítorí Ìwáyà wà létí ọ̀sà. Bí òjò bá rọ̀, jáàkì a máa rì díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ó wa ọkọ̀ kúrò lójú títì sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ó gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó sì fi òkúta há ẹsẹ̀ tí ó wà ní ìkangun kejì sí èyí tí ó jò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè tán kí wọ́n tó máa fi agbára tú nọ́ọ̀tì, agbára náà a sì máa ti ọkọ̀ ṣubú. Nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀ ni a ń dẹ nọ́ọ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ki ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà ṣe láti mú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ó yí lọ síbẹ̀. Bí a bá ń dá nọ́ọ̀tì padà, àwọn tí ó kọjú síra ni a ń mú tẹ̀ léra. Ìgbà tí ọkọ̀ bá sì ti balẹ̀ ni a ń dè wọ́n pinpin.

Ìfẹ́ táyà alátẹ́gùn dé igbó tiwa náà. Bí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń ra kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá rọ́bà, igi ìrẹ́ sì pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1895, rọ́bà tí ó ti èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ìwọ̀n pọ́ùn. Wọ́n kọ igi náà ní àkọjù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kú, òwò náà sì wó lulẹ̀ láàrín ọdún díẹ̀.

Ní 1896 ni du Cros ta ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́ùn. Dunlop ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kàn án nínú ọrọ̀ tí orúkọ rẹ̀ mú wá. Ó ń gbé Dublin jẹ́ẹ́jẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1921. Orúkọ rẹ̀ rìn jìnnà ju òun lọ: wọ́n ń fi í ṣe táyà ní Ìkẹjà níhìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí iṣẹ́ ibẹ̀ fi dúró ní 2008. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ lórí ìtàn táyà kò jáde nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tẹ̀ ẹ́ ní Dublin.