Medgar Evers: Òtítọ́ Rin Ọgbọ̀n Ọdún Dé Ilé Ẹjọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ti ikú Medgar Evers, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí òtítọ́ tó lé irọ́ bá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn ọkùnrin yìí, nítorí ó fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni ìdìbò àti ìdájọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1925, ni a bí i ní ìlú Decatur, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, ó sì jagun dé ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ogun parí, ó rò pé ẹni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ilẹ̀ rẹ̀ yẹ kí ó lè dìbò níbẹ̀. Ní 1946, òun àti Charles ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ síbi ìdìbò ní Decatur, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tí ó gbé ìbọn dání lé wọn padà.

Èyí kò mú un káàárẹ̀. Ní ìparí ọdún 1954, ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú, fi í ṣe akọ̀wé wọn ní Mississippi. Ó ń ti abúlé dé abúlé, ó ń rọ àwọn ènìyàn láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Nígbà tí wọ́n pa Emmett Till, ọmọ ọdún 14, ní 1955, Evers wà lára àwọn tí ó wá ẹlẹ́rìí kiri. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó méjìlá dá àwọn tí a fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ gíga tiwa, adájọ́ ni ó ń dá ẹjọ́ ìpànìyàn. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ará ìlú méjìlá tí à ń pè ní júrì ni yóò sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, a kò dá a lẹ́bi, a kò sì dá a láre. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni Mississippi ti ń yan júrì. Nítorí náà, ẹni tí a kò jẹ́ kí ó dìbò kò lè jókòó gbọ́ ẹjọ́.

Ikú ogun ní í pa akíkanjú. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1963, bí Evers ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé rẹ̀ ní Jackson, ìbọn bà á láti ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 37 ni. Ó fi Myrlie ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá rí ìbọn náà nínú igbó nítòsí. Àmì ìka Byron De La Beckwith wà lára awò orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní 1964. Ọkùnrin òyìnbó nìkan ni júrì nígbà méjèèjì. Ross Barnett, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò gómìnà, wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nínú ilé ẹjọ́. Ohùn júrì kò ṣọ̀kan lẹ́ẹ̀mejèèjì, Beckwith sì padà sílé rẹ̀.

Ní 1989 ni àṣírí tú pé àjọ kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀, Sovereignty Commission, ti bá àwọn agbẹjọ́rò Beckwith wádìí àwọn tí a fẹ́ yàn sí júrì kejì. Ìjọba tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún pe ẹjọ́ ni ó ń fi ọwọ́ òsì ran ẹni tí ó pè lẹ́jọ́!

Myrlie kò dákẹ́. Nítorí pé kò sí júrì tí ó dá Beckwith láre, ọ̀nà ṣì wà láti tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, 1994, júrì tuntun, ènìyàn dúdú mẹ́jọ àti òyìnbó mẹ́rin, dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ sọ ọ́ sí. Ẹlẹ́wọ̀n ni títí ó fi kú ní 2001.

Lóòótọ́, ẹlẹ́rìí tuntun wá, tí wọ́n gbọ́ nígbà tí Beckwith ń fi ìpànìyàn náà fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ìbọn àtijọ́ náà ni, àmì ìka àtijọ́ náà ni. Àwọn tí ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ ni ó yí padà, ìdìbò tí Evers kú lé lórí ni ó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kí á tó béèrè bí ẹjọ́ yóò ti rí, kí á kọ́kọ́ béèrè àwọn tí a fi sórí ìjókòó, àti àwọn tí a tì mọ́ ìta.