Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Ẹni tí ó Kọ́ Èdè Méjì

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Ọ̀ṣogùn. Ìgbà ìdààmú ni ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìjà ọjà Àpòmù ni ó di ogun Òwu. Ní 1821 ni ogun kó Ọ̀ṣogùn. A mú Àjàyí lẹ́rú, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Pọtogí, ó sì gbé e lọ sí Sàró.

Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di olùkọ́ bí àwa náà ti ń fẹ́ dà. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1843 a fi í joyè àlùfáà. Ní 1852 ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí iṣẹ́ ògbufọ̀ rẹ̀ ti ṣòro tó. Bí a bá wí pé, mo lọ sí ọjà, ìrìn náà ti kọjá. Ṣùgbọ́n I go to market kò sọ ohun tí ó kọjá. Ìṣe ẹni ni ó ń sọ, èyí tí àwa ń pè ní mo máa ń lọ. Òtítọ́ tí kì í yí padà pẹ̀lú ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: the sun rises in the east. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a mọ̀ tàbí tí a fẹ́: I know him, mo mọ̀ ọ́n.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú. Ń tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì: mo ń lọ nísinsìnyí, àti mo ń lọ lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀: I am going fún ti ìsinsìnyí, I go fún ti ojoojúmọ́. Nítorí náà ẹni tí ó bá kọ I am going to school every day ti ṣì í. Àṣìṣe olùkọ́ kì í sì í dá dúró; gbogbo ọmọ kíláàsì ni yóò gbé e lọ sí ilé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, ni Bíṣọ́ọ̀bù sùn ní Èkó. Ọmọ tí a gbà kúrò lóko ẹrú ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ èdè àjèjì, kò sì jẹ́ kí ti ìyá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwa tí a ní ìwé àti àlàáfíà, àwáwí wo ni ó kù fún wa?