Frank Hornby: Akọ̀wé tí ó di Alágbẹ̀dẹ Àwọn Ọmọdé

Bí a bá rí ọmọdé tí ó jókòó sílẹ̀ tí ó ń fi amọ̀ mọ ilé, tàbí tí ó ń fi agolo àti ìdérí ìgò kan ọkọ̀, ohun tí ó sábà máa ń ti ẹnu wa jáde ni pé kí ó dìde kí ó lọ ṣe iṣẹ́ gidi. A kì í rántí pé ọwọ́ tí ń fi agolo kan ọkọ̀ lónìí lè fi irin kan afárá lọ́la. Ọkùnrin kan gbé ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò gbàgbé òtítọ́ yìí. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀. Akọ̀wé tí ń ṣírò owó fún olówò ẹran ni. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa kú, kò sí apá ibi tí a kò ti mọ orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ọkùnrin náà ni Frank Hornby.

Ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 1863 ni a bí i. Èbúté ńlá ni Liverpool nígbà náà. Láti etí òkun tiwa níhìn-ín ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti máa ń kó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ lọ sí ibẹ̀, kíréènì gàgàrà a sì máa gbé ẹrù sókè sódò ní etí omi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀nà ojú irin gba àárín ìlú kọjá, àwọn ọkọ̀ tí ń fi ooru omi rìn a sì máa wọ́ èédú àti òwú lọ sí àwọn ilé iṣẹ́. Láàárín ariwo irin àti èéfín yìí ni Hornby dàgbà sí.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò oúnjẹ. Ọmọ náà kò fẹ́ràn ilé ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa ka ìwé fúnra rẹ̀. Ìwé tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ ni Self-Help, èyí tí Samuel Smiles tẹ̀ jáde ní ọdún 1859. Ìtàn àwọn ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, tí wọ́n fi ìforítì borí ìṣòro, ni ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí Hornby ka bí àwọn aṣẹ̀dá ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ wọn, òun náà pinnu láti ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa yí títí ayé láìsí ẹni tí yóò dáná sí i tàbí tí yóò fi ọwọ́ tì í. Asán ni gbogbo làálàá rẹ̀ já sí, nítorí kò sí ẹ̀dá tí ó lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó lò kò ṣòfò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí a ti ń di irin mú.

Ní ọmọ ọdún 16 ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1887 ó gbé Emma Godefroy, olùkọ́ ilé ìwé kan, ní ìyàwó. Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin méjì, Roland àti Douglas, àti ọmọbìnrin kan, Patricia, ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1899 bàbá rẹ̀ kú, òwò wọn sì kógbá sílé. Hornby di akọ̀wé lọ́dọ̀ David Hugh Elliott, ẹni tí ń kó ẹran wọ ìlú láti òkè òkun. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ẹrù ilé sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà yóò rò pé ọjọ́ ti lọ fún un.

Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá ti lẹ́, tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, yàrá kékeré tí ó fi ṣe ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni ó máa ń wọ̀ lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń fi páànù ṣe afárá, ọkọ̀ àti kíréènì kéékèèké fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìṣòro kan ni ó ń dí i lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ ṣe ni ó ní láti gé ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ó gé fún afárá kò wúlò fún kíréènì, bí àwọn ọmọ bá sì ti fi nǹkan ṣeré tán, ó di ohun ìkọ̀sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí ó kù ọ̀la kí ó jẹ́ ọdún Kérésìmesì, Hornby wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ó ti jókòó tí ó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó rí kíréènì kan láti ojú fèrèsé. Lójú ẹsẹ̀ ni òye yé e. Bí ó bá gé ọ̀pá páànù pẹlẹbẹ, tí gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà, tí ó sì lu ihò sí wọn lára ní ọgbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀pá kan lè bá èkejì so pọ̀ níbikíbi. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni yóò dè wọ́n. Èyí tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ afárá lónìí lè di apá kíréènì lọ́la. Hornby fi ìdajì ínǹṣì ṣe ìwọ̀n ìbú ọ̀pá náà, ìdajì ínǹṣì kan náà ni ó sì fi sí àárín ihò kan àti èkejì. Ọgbọ́n náà kò le.

Ohun tí ó kù ni pé kí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba, kí ẹlòmíràn má baà jí ọgbọ́n náà lò. Akọ̀wé náà kò ní owó tí ó tó. Ó tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, Elliott sì yá a ní pọ́n-ùn 5. Ní oṣù kìíní ọdún 1901 ni ó béèrè fún àṣẹ náà. Ọdún 1901 yìí kan náà ni a ṣí ọ̀nà ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn.

Kì í ṣe pé nǹkan rọ̀ṣọ̀mù fún un lẹ́yìn èyí. Elliott rí i pé ọgbọ́n náà ní láárí, ó sì bá a da òwò pọ̀. Ó tún fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Ní ọdún 1902 wọ́n kó àpótí wọn jáde, wọ́n sì pè é ní Mechanics Made Easy, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti di ìrọ̀rùn. Ṣílè 7 àti sísì ni wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wò ó, wọ́n sì dá a padà, nítorí pé lójú wọn páànù oníhò lásán ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hele-Shaw, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Liverpool, ni ó kọ ìwé láti fi yé àwọn ènìyàn pé ẹ̀kọ́ gidi ń bẹ nínú eré náà. Síbẹ̀, ó di ọdún 1906 kí èrè tó wọlé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ọdún 1907, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 44, Hornby fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Ìpinnu ńlá ni, nítorí pé owó oṣù ni ó fi sílẹ̀ fún ohun tí kò dá a lójú. Ó sọ ohun ìṣeré náà ní Meccano. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá ẹgbẹ́ òwò Meccano sílẹ̀. Òwò náà gbilẹ̀ dé ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú, a sì kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí òpópó Binns Road ní Liverpool ní ọdún 1914. Ọdún náà gan-an ni ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ní ní ilẹ̀ Jámánì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ní láti máa ṣe ohun èlò ogun.

Nígbà tí ogun parí ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí jù lọ. Ṣáájú ogun, àwọn ará Jámánì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń rà. Ní ọdún 1920 Hornby gbé tirẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń yí i bí aago, irin tí ó ká jọ nínú rẹ̀ ni ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni ó fi dè é pọ̀, kí ọmọdé lè tú u kí ó sì tún un tò. Ní ọdún 1925 èyí tí ń fi iná mànàmáná rìn jáde.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó tà. Ó ṣe ibùdókọ̀, àmì ojú ọ̀nà, ihò abẹ́ òkè, ọkọ̀ èédú, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì àti ọkọ̀ tí ń ru epo. Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, ọmọdé lè tẹ́ pákó kan sórí tábìlì kí ó sì dá ìlú kékeré sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọmọ tí ó gbọ́n yóò ti ṣe é. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ọkọ̀ yìí ń ṣe? Bí ó bá jẹ́ ibi ìwa èédú ni ó fẹ́ fi hàn, yóò mọ̀ pé ọkọ̀ òfìfo gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dúró sí, pé ọkọ̀ tí ó ti kún gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde, àti pé ẹ̀rọ tí ń wọ́ wọn gbọ́dọ̀ rí omi mu, nítorí pé èédú ni ó ń hó omi, ooru omi náà ni ó sì ń ti kẹ̀kẹ́. Ní ilé iṣẹ́ gidi, ààyè kì í tó. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi máa ń kúrú, tí ojú irin ibẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́. Ìdí nìyí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi bá tábìlì kékeré mu. Bí irin kan bá wọ́ díẹ̀, ọkọ̀ yóò ṣubú. Bí a bá gbàgbé ibi ìyapa ọ̀nà, ọkọ̀ méjì yóò forí sọ ara wọn. Tábìlì náà kò ní bá ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n kò ní parọ́ fún un.

Hornby mọ èyí dájú. Ní ọdún 1916 ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan fún àwọn ọmọdé, nínú èyí tí wọ́n ti ń kà nípa afárá, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gidi. Ní ọdún 1928 ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Hornby Railway Company sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń fi àkókò àti àmì darí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Ọlá dé fún akọ̀wé àtijọ́. Ó di olówó ńlá, àwọn ará Everton ní Liverpool sì yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1931. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1935. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1936, ó kú ní ẹni ọdún 73. Kò rí ọkọ̀ kékeré tí a pè ní Hornby Dublo, èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1938. Lẹ́yìn náà, òwò náà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní ọdún 1964, a sì ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Binns Road ní ọdún 1979. Kódà, àwọn ẹ̀rọ olóoru tí ó fi ṣe àwòkọ́ṣe kò pẹ́ púpọ̀: ní ọdún 1968 ni rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀nà ńlá. Ṣùgbọ́n títí di òní, orúkọ Hornby wà lára ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, àwọn àgbàlagbà sì ń tẹ́ pákó wọn, wọ́n ń kọ́ ibi ìwa èédú àti ilé iṣẹ́ sórí rẹ̀, kí ọmọ ọmọ wọn lè mọ bí ayé ti rí.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa kò farasin. Hornby kùnà níbi ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ ṣe, òwò bàbá rẹ̀ fọ́, ó sì tó ẹni ọdún 44 kí ó tó ráyè ṣe iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Kò dúró de ìgbà tí owó yóò wà. Pọ́n-ùn 5 tí ó yá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò fi ojú kékeré wo eré àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń fi agolo kan ọkọ̀, ẹ kàn án kí ó gún; bí ó bá sì wó, ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tún un kàn.