Má Jẹ́ Kí Ìran Rẹ Kú

Bíbélì Kíkà: Hábákúkù 2:1-4

Bóyá ẹnì kan ti wò ọ́ láti òkè délẹ̀ rí, tó sì ní o kò tó. Fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Frank Whittle láàárọ̀ yìí.

Ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1907. Mẹ́káníìkì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú. Ó yege nínú ìdánwò ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà nítorí pé ó kúrú. Ẹsẹ̀ bàtà 5 péré ni. Ó lọ ń ṣe eré ìdárayá, ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, ó sì fi ínṣì 3 ga sí i. Wọ́n tún lé e padà. Kò sinmi. Ó tún gbìyànjú, wọ́n sì gbà á ní 1923 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Cranwell.

Láyé ìgbà náà, ohun tí ń yí bí fáànù ní iwájú bàálù ló ń fà á lọ. Ní 1929, èrò kan sọ sí Whittle lọ́kàn: kí ẹ́ńjìnì fa atẹ́gùn wọlé, kí ó fún un pọ̀, kí ó da epo sí i, kí ó sì tan iná sí i, kí ooru náà lè tú jáde lẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí yóò ti bàálù síwájú. Ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Àwọn ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ìjọba ní kò lè ṣeé ṣe. Ní 1930, ó kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí èrò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó láti sọ ìwé náà dọ̀tun ní 1935, kò rí £5 san. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ìjọba kò bá a san án. Bí ìwé ẹ̀tọ́ náà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìwé kú, ìran kò kú. Àwọn ọ̀rẹ́ dìde, wọ́n bá a wá owó, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Power Jets sílẹ̀ ní 1936. Ní April 12, 1937, ẹ́ńjìnì náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó dúró tì í sá lọ. Ní 1939, ìjọba gbà níkẹyìn, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ Gloster kan bàálù kékeré kan, E.28/39, láti fi dán an wò. Ní May 15, 1941, Gerry Sayer gbé e gòkè, ó sì fi ìṣẹ́jú 17 fò. Níbo ni? Ní Cranwell, níbi tí ọmọ kúkúrú ọjọ́sí ti kọ́ṣẹ́!

Ṣùgbọ́n kíyè sí èyí. Jámánì ti fò tiwọn ní August 1939. Orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Whittle kọ́ ló kọ́kọ́ fò, nítorí pé àwọn tó wà nípò fojú kéré ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìdààmú iṣẹ́ náà sì ba ìlera Whittle jẹ́. Ọba fi oyè dá a lọ́lá ní 1948, ó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1996.

A kò sọ pé wòlíì ni Whittle. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbà pé irin yóò ṣiṣẹ́ bá lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìwọ tí Ọlọ́run alààyè ṣèlérí fún ń tìtorí rẹ̀ jókòó? Ìran ní àkókò tirẹ̀. Ìdádúró kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀.

Ìwọ tó sì wà lórí àga àṣẹ, bàbá, ìyá, ọ̀gá, aṣáájú nínú ìjọ, ta ni o ń lé padà? Ṣé £5 ẹnì kan kò sí lọ́wọ́ rẹ? Wá ẹni náà rí lónìí.

Kókó Àdúrà
1. Baba, ìran tí O fi sínú mi kò ní kú, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fojú kéré ẹni tí O rán.
3. Baba, gbé olùrànlọ́wọ́ mi dìde, kí O sì sọ èmi náà di olùrànlọ́wọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.