Henry Bates, Ẹni Tó Tú Àṣírí Labalábá

Labalábá orí bọmubọmu kì í kánjú. Níbikíbi tí bọmubọmu bá ti hù ní ilẹ̀ òfìfo, yálà n'Ígàndó ni o tàbí l'Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ wò ó dáadáa. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, àmì funfun sì wà lára dúdú náà. Jẹ́jẹ́ ló ń fò, àfi bíi pé kò sí ẹyẹ láyé. Ẹni tó ṣí aráyé lójú sí irú ìgboyà yìí kò tiẹ̀ gbé Áfíríkà. Henry Walter Bates ni orúkọ rẹ̀, òun ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìlú Leicester ní England ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1825. Ìbọ̀sẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe tà. Nǹkan bí ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó kúrò nílé ìwé, tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbọ̀sẹ̀ mìíràn. Láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ló tún máa lọ sí kíláàsì alẹ́. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló fi ń wá kòkòrò kiri inú igbó. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ìwé ìròyìn The Zoologist gbé àròkọ rẹ̀ lórí kòkòrò jáde ní 1843. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ò ráyè kàwé torí pé ẹ ń bá màmá yín tajà, mi ò bá yín wí o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ní 1844 ló pàdé Alfred Russel Wallace, tó ń ṣe tíṣà ní Leicester nígbà náà. Àwọn méjèèjì gbìmọ̀ pé àwọn á lọ sí odò Amásónì ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn á máa kó kòkòrò ránṣẹ́ sí London fún títà, owó rẹ̀ làwọn á sì máa ná. Wọ́n wọkọ̀ ní 1848. Ní 1852 Wallace ń padà bọ̀ wálé, iná jó ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun, ọ̀pọ̀ ohun tó kó ló ṣègbé. Bates ò tẹ̀ lé e, ọdún 11 gbáko ló lò níbẹ̀. Nígbà tí ibà pọ́njúpọ́njú pa Herbert, àbúrò Wallace, ní 1851, Bates ló ń tọ́jú rẹ̀, òun náà sì kó àìsàn ọ̀hún, orí ló kó o yọ. Àsìkò kan wà tí owó kò dé láti London, bàtà rẹ̀ já tán, olè tún jà á. Síbẹ̀, irú ẹ̀dá tó kó jọ kó tó padà sílé ní 1859 lé ní 14,000, kòkòrò ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí 8,000 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ò mọ̀ rí. Àwọn ará ibẹ̀ ní tiwọn ti ń rí wọn tipẹ́ o.

Ohun kan ń ta á lójú nínú ohun tó kó. Àwọn labalábá kan wà tí ara wọn ń dán, tí wọ́n ń rọra fò, síbẹ̀ kò rí ẹyẹ kó máa lé wọn. Tó bá pa wọ́n sá sóòrùn pàápàá, kòkòrò tó ń ba ẹrù rẹ̀ jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ó wòye pé ẹnu ò gbà wọ́n. Àmọ́ láàárín wọn ló ti ń rí àwọn mìíràn tí ìyẹ́ wọn jọ tiwọn gẹ́lẹ́, bó bá sì ka ẹsẹ̀ wọn, ìdílé ọ̀tọ̀ ni! Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí wọ aṣọ olóró kí ẹyẹ má baà jẹ wọ́n. Ẹyẹ á jẹ èyí tí aṣọ rẹ̀ ò bá jọ dáadáa, èyí tó jọ ọ́ jù ló máa kù láti bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ìjọra náà ṣe ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Ó ka ọ̀rọ̀ yìí níwájú ẹgbẹ́ Linnean Society ní London ní oṣù kọkànlá 1861. Inú Darwin dùn gidi, torí àwọn èèyàn ń ta ko ìwé tó gbé jáde ní 1859, ẹ̀rí sì ló ń wá. Òun ló rọ Bates pé kó kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tó jáde ní 1863.

Àwọn bàbá wa sọ pé labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ti Bates yìí, labalábá ló fi ara wé labalábá, ẹyẹ ló sì gbà á gbọ́.

Láti 1864 ló ti ń ṣe igbákejì akọ̀wé ní ẹgbẹ́ Royal Geographical Society, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe títí tó fi kú ní ọjọ́ 16 oṣù kejì 1892. Kò rí ìdáhùn kan kó tó lọ: níbo gan-an ni oró yẹn ti ń wá?

Inú ewé ni. Oje funfun bọmubọmu, tí àwọn Fúlàní ń lò láti fi mú wàrà dì, ní oró tó ń da ọkàn láàmú. Ẹran ọ̀sìn kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Àmọ́ orí rẹ̀ ni labalábá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀, kòkòrò abilà dúdú, funfun àti yẹ́lò, á sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀fọ́. Ibì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí oró yìí máa ń dì mú. Nínú ìdílé labalábá yìí, ibẹ̀ ti yí padà, oró ò rí i dì mú mọ́. Kòkòrò náà lè wá kó o sára títí á fi hu ìyẹ́, ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò á bì í, kò sì ní gbàgbé. Ewé náà kò káwọ́ gbera: oje rẹ̀ lè lẹ kòkòrò kékeré mọ́lẹ̀. Kòkòrò náà á gé iṣan ewé kí oje kọ́kọ́ ro dànù, kó tó jẹun. Ní 1964, Paul Ehrlich àti Peter Raven ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé báyìí ni ewé àti labalábá ti ṣe ń yí ara wọn padà láti ayébáyé. Kì í sì í ṣe gbogbo labalábá náà ló ń kó oró pọ̀ bákan náà o. Òmíràn ń jẹ orúkọ ẹlòmíràn ni.

Èkó náà kópa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín 1910 sí 1912, W. A. Lamborn sin Acraea encedon, labalábá mìíràn tó jọ ti bọmubọmu, ní agbègbè Èkó. Poulton ti Oxford kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé Linnean Society, ẹgbẹ́ kan náà tí Bates ti sọ̀rọ̀, ní 1914. Òmíràn tún wà, Hypolimnas misippus. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun ńlá. Abo nìkan ló ń wọ aṣọ olóró. Ọmọ rẹ̀ ò sì mọ bọmubọmu rí, papasan ló ń jẹ, papasan tí àwọn èèyàn ń fi se ọbẹ̀.